Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò dé etí rẹ̀ rí: ṣé ó ṣì lè mọ èdè sọ?

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́ béèrè:

Mo kí gbogbo ilé o. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọkùnrin wọn wá sílé wa. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé adití ni láti inú oyún wá. Níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà, wọ́n ní kí àbúrò mi má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ náà ní èdè adití, kí ó dúró di ìgbà tí owó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bá pé, nítorí pé bí ọmọ bá ti mọ ọwọ́ fi sọ̀rọ̀, yóò ya ọ̀lẹ láti fi ẹnu sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, yóò fa ìró ìyá rẹ̀, yóò sì nawọ́ sí ìkòkò. Bí inú bá ń run ún, ẹkún nìkan ni ó mọ̀, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún títí a ó fi débi tó ń dùn ún.

Èyí ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà láìsí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, pàápàá ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní orúkọ ìbòjú Genie. Mo kà pé ó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀, síbẹ̀ kò mọ gbólóhùn hun títí. Kí ló fà á? Ṣé òótọ́ ni pé ọpọlọ ọmọ dà bí amọ̀, tí ó ní ìgbà tí ó ṣeé mọ, tí ó sì ní ìgbà tí yóò gbẹ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni ó ń gbẹ? Bàbá wa àgbà ní tiwọn gbà pé ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bá bá sọ̀rọ̀ yóò padà sọ èdè tí Ádámù sọ nínú ọgbà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti dán èyí wò rí?

Akọ̀wé Èdè dáhùn:

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Àǹtí Àdùkẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Bàbá lóhùn, nítorí pé ìbéèrè wọn ti pẹ́ láyé. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba Íjíbítì kan tí ń jẹ́ Psammetichus fa ọmọ ọwọ́ méjì lé darandaran kan lọ́wọ́, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ létí wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ọmọ náà nawọ́ sí darandaran, wọ́n ní "bekos", èyí tí í ṣe búrẹ́dì lédè àwọn ará Fíríjíà, ni ọba bá gbà pé àwọn ará Fíríjíà ló ti wà láyé ṣáájú gbogbo èèyàn. Wàrà ewúrẹ́ ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ náà, ẹni tó bá sì ti sin ewúrẹ́ rí yóò mọ ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Akbar, ọba ńlá kan ní ilẹ̀ Íńdíà, náà kó àwọn ọmọ ọwọ́ sínú ilé kan pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀; nígbà tí ó padà lọ wò wọ́n ní 1582, kò bá èdè kankan lẹ́nu wọn. Èmi kì í gbára lé ìtàn àwọn ọba púpọ̀, ṣùgbọ́n ti Akbar yìí bá ohun tí a mọ̀ lónìí mu. Èdè kì í hù lára ọmọ bí irun. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ ti ń gbà á.

Ní ti Genie, oṣù Kọkànlá ọdún 1970 ni wọ́n rí i ní agbègbè Los Angeles, nígbà tí ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, mú un dání lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan láti bèèrè ìrànwọ́ fún ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó rí ọmọ náà rò pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni, àṣé ó ti pé ọdún 13. Láti ìgbà tí ó ti tó nǹkan bí 20 oṣù ni bàbá rẹ̀ ti sé e mọ́ inú yàrá kan. Lọ́sàn-án, wọn a dè é mọ́ àga tí ọmọdé fi ń yàgbẹ́; lóru, wọn a tì í mọ́ inú ibùsùn tí wọ́n fi wáyà bò. Bí ó bá pariwo, bàbá náà a fi igi nà án, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀, gbígbó ni ó máa ń gbó mọ́ ọn bí ajá. Ó ka ọ̀rọ̀ léèwọ̀ fún ìyá àti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà pẹ̀lú, wọn kò gbọdọ̀ bá a sọ nǹkan kan.

Susan Curtiss, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì UCLA, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́ ní 1971. Ọ̀rọ̀ ń wọ orí Genie gan-an. Ó fẹ́ mọ orúkọ gbogbo nǹkan, ó sì ń rántí wọn. Ìhun gbólóhùn ni kò wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ó fẹ́ sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe sí i, ohun tí ó sọ kò ju báyìí lọ: "Bàbá na apá. Igi ńlá. Genie sunkún." Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "mi" tí yóò fi hàn pé apá tirẹ̀ ni. Kò sí "fi" tí ìbá so igi náà mọ́ nínà. Kò sí ohunkóhun tí ó so ẹkún mọ́ ìyà. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ láyé rẹ̀ ni ó ń sọ, a sì gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ọmọ ọdún mẹ́ta ilé wa ń lò láìronú kò sí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ẹ̀kọ́, ìbéèrè ṣíṣe ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, "èmi" àti "ìwọ" ṣì ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1967, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó rí i, Eric Lenneberg, onímọ̀ nípa èdè àti ọpọlọ, ti kọ ọ́ pé láàárín ọdún méjì àti ìgbà ìbàlágà ni ọmọ lè gba èdè àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi sáré sí ọ̀rọ̀ Genie: ó ti ń wọ ìbàlágà nígbà tí wọ́n rí i. Ìparí rẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó ìwádìí náà tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kan dé òmíràn. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, wọ́n jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó bì, ẹ̀rù wá bà á láti ya ẹnu, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Táyé dáhùn:

Akọ̀wé Èdè, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ta kò yín níbì kan. Genie kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbé gbogbo ẹjọ́ yìí lé lórí. Wọ́n nà án, wọ́n febi pa á, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 12, àríyànjiyàn sì wà láàárín àwọn tó ṣe ìwádìí náà bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti ní àléébù láti kékeré. Ta ni yóò wá sọ pé ọjọ́ orí nìkan ló dí i lọ́wọ́ láti mọ gírámà?

Èyí tí èmi gbà pé ó yẹ kí Àǹtí Àdùkẹ́ gbọ́ ni ti Isabelle, tí orúkọ rẹ̀ náà jẹ́ orúkọ ìbòjú. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ni, ní 1938. Ìyá rẹ̀ jẹ́ adití tí kò lè sọ̀rọ̀. Nítorí pé ó bí ọmọ náà láìlọ́kọ, àwọn ẹbí ti tìyátọmọ mọ́ inú yàrá dúdú kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ ni Isabelle nígbà tí wọ́n jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́ nítorí àìrí oòrùn, ìró kan tó ń ha lọ́nà ọ̀fun nìkan ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kò lè kọ́ nǹkan kan. Marie Mason bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nígbà tí oṣù méjì fi kọjá díẹ̀, ọmọ náà ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ sí gbólóhùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án sí i, ó ń dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ mọ̀, ó sì ń tún ìtàn sọ lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ ọ. Nígbà tí oṣù méje mìíràn tún kọjá, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ti wà láàárín 1,500 sí 2,000, ó sì ń béèrè ìbéèrè tó díjú. Kingsley Davis, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀, ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì péré ni ó fi rin ohun tí àwọn ọmọ mìíràn fi ọdún mẹ́fà rìn.

Èmi kò sì gbà pé ọjọ́ orí nìkan ló ràn án lọ́wọ́. Isabelle kò dá nìkan wà. Ìyá rẹ̀ kò lè fọhùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ àti ojú bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹnìkan ń wo ojú rẹ̀, ẹnìkan ń dá a lóhùn.

Ẹ tún wo Ròmáníà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbé ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí nígbà ìjọba Ceaușescu àti lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, ẹni tí yóò gbé ọmọ mọ́ra kí ó máa bá a ṣeré ni kò tó. Láti nǹkan bí 2000, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah kó 136 ọmọ jọ ní Bucharest, wọ́n fi ìbò yan ìdajì wọn sọ́dọ̀ ìdílé alágbàtọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èdè àwọn ọmọ náà wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, àwọn tó dé ilé alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 15 ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Àwọn tó dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù 24 kò sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú lọ ní àkókò yẹn. Nítorí náà, amọ̀ tí ẹ ń wí kì í gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti kékeré gan-an ni ó ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Akọ̀wé Èdè dáhùn:

Bàbá Táyé, àtakò yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo sì gbà á nípa Genie. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí ìyà kò jẹ, tí ilé rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin ará Kalifọ́níà kan ni, tí wọ́n ń pè ní Chelsea nínú ìwé ìwádìí. Adití ni láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ṣì í mú fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ọmọ ọdún 31 ni kí dókítà kan tó rí i pé etí ni kò gbọ́, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Ó gbọ́ ohùn, ó kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó tilẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Gbólóhùn rẹ̀ kò tò títí, ti Genie pàápàá sàn jù ú lọ. Ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn ọdún 31 mú ohùn wá, kò mú gírámà wá.

Rachel Mayberry, onímọ̀ èdè kan, náà fi ọ̀wọ́ adití méjì wéra. Àwọn kan kò gbọ́rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, wọn kò sì ní èdè kankan títí wọ́n fi pàdé èdè adití nígbà tí wọ́n ti ń kúrò lọ́mọdé. Àwọn kejì ti ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kí etí wọn tó di, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ èdè adití ní nǹkan bí ọjọ́ orí kan náà. Àwọn kejì gbọ́ èdè náà yé jù wọ́n lọ fíìfíì. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti ní èdè kan láti kékeré, ìbáà jẹ́ irú èyí tó wù kí ó jẹ́, ti ní ibi tí yóò gbé èyí tó kù lé. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan ni ìṣòro bá.

Olùkọ́ Adití dáhùn:

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọdún 22 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ adití, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún àbúrò rẹ yìí sì ti gba etí mi láìmọye ìgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí máa ń so ọwọ́ àwọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n lè fi ẹnu sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i, n kò sì lè gbàgbé. N kò tíì rí ọmọ kan tí èdè adití sọ di ọ̀lẹ. Àwọn tí mo rí ni àwọn tí wọ́n ń dúró de ohùn títí ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ mi láìní èdè kankan.

Ọ̀kan nínú wọn pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ lóko ni ó dàgbà sí. Ó ní àmì tirẹ̀ àti ti ìyá àgbà náà: bí ó bá fi ìka ra ara wọn, owó ni, bí ó bá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí ilà ìyá àgbà wà, ìyá àgbà ni, bí ó bá da ọwọ́ délẹ̀, ó ti tán. Kò ju nǹkan bí 40 lọ. Ohun tí kò sí níwájú rẹ̀ ni kò lè sọ. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bí mo bá ju ọwọ́ sí i, yóò ju ọwọ́ náà padà sí mi gẹ́lẹ́, bí ẹni tí ń ṣeré níwájú dígí. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró níwájú tábìlì mi, ó ní: "Àná. Òjò. Ilé. Wọlé." Omi ti ya wọ ilé wọn lóru. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ ohun tó ti kọjá fún ẹnikẹ́ni. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń rán aṣọ. Síbẹ̀, bí mo bá sọ gbólóhùn tí "bí" àti "ìbá" wà nínú rẹ̀ fún un, mo ní láti tú u sí wẹ́wẹ́ kí ó tó yé e. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà jẹ́ adití, wọ kíláàsì mi ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun ni ó ń túmọ̀ fún un.

Ohun tí mo rí yìí ni gbogbo ayé rí ní Nicaragua. Kí ọdún 1977 tó dé, àwọn adití ilẹ̀ náà kò ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Oníkálukú wà nílé òbí rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba àmì tí òun àti ará ilé mọ̀. Ní ọdún náà, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún wọn ní Managua pẹ̀lú nǹkan bí 50 ọmọ. Nígbà tí ó fi di 1983, ilé-ẹ̀kọ́ ti di méjì, àwọn ọmọ sì ti lé ní 400. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn ní èdè Sípéènì àti bí wọn yóò ṣe máa wo ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ náà da àmì ilé oníkálukú pọ̀, wọ́n ń yà á lọ́wọ́ ara wọn, títí tí àwọn olùkọ́ kò fi mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ mọ́. Ní 1986, ìjọba ní kí Judy Kegl, onímọ̀ èdè láti Amẹ́ríkà, wá bá wọn wò ó. Ohun tó rí ni pé àwọn ọmọ kéékèèké tó wọlé lẹ́yìn ń sọ èdè náà já gaara ju àwọn ẹ̀gbọ́n tó dá a sílẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ann Senghas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eré àwòrán kan hàn wọ́n, nínú èyí tí ológbò gbé bọ́ọ̀lù mì, tí ó sì yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà. Àwọn ẹ̀gbọ́n sábà máa ń ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ìyíyí àti ìsọ̀kalẹ̀ ń lọ pọ̀, bí ẹni tó gbọ́rọ̀ ṣe máa ń juwọ́. Àwọn àbúrò ya méjèèjì sọ́tọ̀, àmì kan fún "yí", òmíràn fún "sọ̀kalẹ̀", wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀ léra. Ọmọ Yorùbá tó bá wò ó yóò mọ̀ pé èdè ni, nítorí pé bí àwa náà ṣe ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra nìyẹn: ó yí sọ̀kalẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tó kọ́ wọn. Wọ́n kéré, wọ́n sì pọ̀ lójú ara wọn. Èyí ni Genie kò ní.

Nǹkan kan tún máa ń dùn mí nínú ìtàn Victor, ọmọkùnrin tí wọ́n rí nínú igbó ní gúúsù Faransé ní 1800, tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Itard, fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ ní Paris. Ohùn kò jáde dáadáa, àfi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ bíi "lait", èyí tí í ṣe wàrà. Ṣùgbọ́n Itard fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan, nígbà tí Victor ń lọ sí ilé kan tí wọ́n ti máa ń fún un ní wàrà, ó mú lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n gé, ó kó wọn sápò; bí ó ti débẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì: L, A, I, T. Ọmọ tó ṣe èyí ní nǹkan nínú! Inú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ o. Àwọn ọmọ tó yí i ká ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Itard kò fi èdè yẹn kọ́ ọ, ohùn ni ó ń wá. Victor kú ní 1828 láìmọ̀rọ̀ sọ.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́ fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo dọ̀bálẹ̀… àní mo kúnlẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ lánàá, ọkọ rẹ̀ ní kí n tún ti ọmọ tó ní "Àná, òjò" nì kà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí wọ́n dáwọ́ owó ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó jọ dúró ni? Níbo sì ni àwa tí a gbọ́rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a kò mọ èdè adití kankan?

Olùkọ́ Adití fèsì:

Kí wọ́n máa kó owó náà jọ. Bí ẹ̀rọ bá dé, kí ó bá ọmọ tó ti ní èdè pàdé. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò ti máa rí èdè. Ọmọ tó ń ti kíláàsì dé ní aago méjì, tí ó sì bá ènìyàn mẹ́jọ tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ, ti padà sínú yàrá tó dákẹ́ nìyẹn. Ẹ wá àgbàlagbà adití tí yóò máa wá sílé. Wọn kò ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1957, tí ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ìran wọn ti ń kọ́ ara wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo ojú yín kí ẹ tó ṣe àmì, nítorí ojú ni etí rẹ̀. Ẹ sì bẹ adití náà kí ó fún ọmọ ní orúkọ ọwọ́. Àwọn adití ni wọ́n ń fúnni ní in, àwa tí a gbọ́rọ̀ kì í fún ara wa.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́ fèsì:

A ti rí obìnrin adití kan, aránṣọ ni, ní òpópónà kejì sí ilé àbúrò mi. Ó ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Orúkọ méje ni wọ́n sọ ọmọ yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, kò tíì gbọ́ ọ̀kan nínú wọn rí.